Lẹ́tà Mẹ́sàn-án Tí Ìyá Gáàsì Kọ

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kẹ́yìn oṣù tó kọjá, láàárín aago mọ́kànlá àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán, obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta kan kú sínú yàrá kékeré kan tí kò ní fèrèsé, nísàlẹ̀ ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró àwọn ìràwọ̀ lórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú wa. Ẹnikẹ́ni ò bá a jà. Àìsàn ò dá a dùbúlẹ̀. Ó wọlé láti da náítírójìn olómi sínú ìkòkò tó ń mú ẹ̀rọ náà tutù, bó ti ń ṣe láràárọ̀, afẹ́fẹ́ tí èèyàn lè mí sì tán nínú yàrá náà láìsọ fún un. Ó ṣubú, kò dìde mọ́.

Ilé iṣẹ́ tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sìn sọ fún àwa oníròyìn pé jàǹbá ni. Mo ti ń kọ̀wé fún ìwé ìròyìn yìí láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, mo sì mọ ohun tó ń jẹ́ jàǹbá. Jàǹbá ni kí igi wó lu ẹni tó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀. Ikú tó kọ lẹ́tà ránṣẹ́ nígbà mẹ́sàn-án pé òun ń bọ̀, tó kọ déètì sí i, tó sì dárúkọ yàrá tí òun máa gbà wọlé, kí ni ká máa pe ìyẹn?

Ìyá Gáàsì làwọn ará àdúgbò ń pè é. Orúkọ náà ní ìtàn. Nígbà tó kó dé àdúgbò, ẹnì kan bi í níṣẹ́ tó ń ṣe, ó ní gáàsì tó ń jáde lára àwọn ìràwọ̀ ńlá lòun ń wọ̀n. Ẹni yẹn ò gbọ́ ju gáàsì lọ. Kò tí ì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkùnrin kan fi gbé sílíńdà òfìfo wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ní kó bá òun rọ ọ́ kún. Obìnrin mìíràn ì bá lé e. Òun rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó lọ tú sílíńdà ara rẹ̀ lẹ́yìn sítóòfù, ó gbé e fún ọkùnrin náà pé kó máa fi dáná ná. Ọkọ rẹ̀ sọ fún mi pé búrẹ́dì gbígbẹ àti tíì tútù làwọn méjèèjì jẹ títí di ọjọ́ Ajé.

Ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn ni èmi pàdé rẹ̀, nígbà tí ọ̀gá mi ní kí n lọ wo ohun táwọn èèyàn yẹn ń ṣe lórí òkè. Mo rò pé màá bá àwọn kan tó ń fojú wo ihò awò awọ̀nàjíjìn. Ọ́fíìsì tóóró kan ni mo bá, tábìlì onígi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ìwé tí wọ́n tò ga débi fèrèsé, àti obìnrin kan tó wọ súwẹ́tà tó ti já nígùnpá. Ẹ̀rọ tiwọn kì í wo ìràwọ̀ lójú. Ìró tí gáàsì ń ṣe lójú sánmà ló ń gbọ́, ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́ láé, á sì yà á sórí ìwé bí òkè kékeré. Tọ̀sán tòru ló ń gbọ́ ọ, nítorí náà aago mẹ́jọ àárọ̀ ni Ìyá Gáàsì ń wọṣẹ́ bíi tàwọn tó ń ṣiṣẹ́ báńkì.

Nígbà tó mọ̀ pé mo fi ọdún márùn-ún jù ú lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó fa àga fún mi, ó sì là á yé mi bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa ará ilé rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ìràwọ̀ máa ń darúgbó bíi tiwa," ó ní. "Tó bá dàgbà tán, á wú, ara rẹ̀ á tutù, á wá pọ́n bí ẹyin iná. Mo ní ó tutù o, àmọ́ ìtutù tiẹ̀ ṣì lè yọ́ irin. Á wá máa mí. Èémí kan ṣoṣo lè gbà á ní ọdún kan gbáko. Bó ṣe ń mí ni gáàsì ara rẹ̀ ń gòkè, tó bá sì jìnnà síbi tó gbóná, díẹ̀ nínú rẹ̀ á di eruku. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ á máa ti eruku yẹn sóde, eruku á sì wọ́ gáàsì tó kù tẹ̀ lé ara rẹ̀. Bó ṣe ń túká nìyẹn."

Mo bi í bí ohun tó ń túká náà ti pọ̀ tó. Ó ní ti èyí tí òun ń wọ̀n, lọ́dọọdún ló ń da ohun tó wúwo tó odidi ayé wa yìí nù, tòkè tòkun. Mo ní ṣé kò ní tán ni.

"Á tán. Kókó funfun kékeré kan ló máa kù. Oòrùn wa náà ń bọ̀ wá ṣe bẹ́ẹ̀," ó ní. "Àmọ́ ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ṣì máa rí ìwé ìròyìn tọ̀la tẹ̀."

Ìràwọ̀ kan ṣoṣo ló ń wọ̀n. Nọ́ńbà gbọọrọ ni àwọn onímọ̀ fi ń pè é, òun ń pè é ní Bàbá Àgbà. Ọdún méjìlélógún ló fi wọ̀n ọ́n, láràárọ̀, láì fo ọjọ́ kan. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó kù ti sọ pé kò sí ohun tuntun níbẹ̀ mọ́, pé bí gáàsì ṣe ń jáde lónìí ló ṣe máa jáde lọ́la. Wọ́n ti ré kọjá sórí ìràwọ̀ mìíràn. Òun dúró. Ní ọdún kẹsàn-án, ó rí i pé gáàsì náà ń dín kù. Ó dín kù fún ọdún mẹ́rin, ó wá padà wá bí ìgbà tí ẹni tó ti dákẹ́ bá tún la ohùn. Ohun tó ń wí ni pé ìràwọ̀ arúgbó kì í túká bákan náà lójoojúmọ́. Ó ní ìgbà tó máa ń dá ọwọ́ dúró. Wọ́n ní ẹ̀rọ rẹ̀ ló bàjẹ́. Kò bá wọn jiyàn. Ó fi ọdún mẹ́rin mìíràn yẹ ẹ̀rọ náà wò, wáyà kan lẹ́yìn òmíràn, títí ó fi dá a lójú pé ẹ̀rọ kò purọ́.

Níbí yìí ni mo ti ní láti sọ tara mi. Ìròyìn tí mo kọ lẹ́yìn ìbẹ̀wò yẹn, ojú ewé kẹtàlá ni wọ́n gbé e sí, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà "àti ikọ̀ rẹ̀" ló ń wọn ìràwọ̀ ọ̀hún. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀gá àgbà ló fún mi ní káàdì, òun ló ya fọ́tò. Ìyá Gáàsì pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kejì. Ó ní mo kọ ọ́ dáadáa, ó ní nọ́ńbà ìràwọ̀ náà pé pérépéré, orúkọ òun nìkan ni kò sí níbẹ̀. Mo ṣèlérí pé màá ṣe àtúnṣe. Ọdún mẹ́rìnlá rèé. Àtúnṣe náà ni ẹ ń kà yìí, ó sì ti pẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ yàrá yẹn.

Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró ìràwọ̀ gbọ́dọ̀ tutù rékọjá yìnyín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ariwo ara rẹ̀ á bo ohun tó ń gbọ́ mọ́lẹ̀. Náítírójìn olómi ni wọ́n fi ń mú un tutù. Náítírójìn kì í ṣe májèlé. Òun ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí èmi àti ẹ̀yin ń mí báyìí. Ìyọnu rẹ̀ ni pé ife kan lára omi rẹ̀, tó bá hó, á di nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ife gáàsì, gáàsì yẹn á sì lé ọ́síjìn jáde nínú yàrá. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta èèyàn ní imú. Ẹni tó ń mí in kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe fáànù sára ògiri tó ń fa afẹ́fẹ́ náà jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ kékeré kan kọ́ tó máa ń ké bí ọ́síjìn bá dín kù. Ìdí nìyẹn tí òfin fi sọ pé èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ máa wọlé pọ̀.

Fáànù náà kú ní oṣù mọ́kànlá ṣáájú obìnrin náà. Ẹ̀rọ tó ń ké, wọ́n tú u lọ fún àtúnṣe, kò padà dé. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó jẹ́ ẹnì kejì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọn ò gba ẹlòmíì. Ta ló wá kù? Obìnrin kan àti ilẹ̀kùn kan.

Ó kọ lẹ́tà. Ẹ̀dà mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ọkọ rẹ̀ ló kó wọn fún mi nínú ọ̀rá, gbogbo wọn ló sì ní òǹtẹ̀ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà lára pé wọ́n ti gbà á. Àkọ́kọ́ gùn ní ojú ewé méjì, ó kún fún ìkíni, ó ṣàlàyé bí gáàsì ṣe ń fẹ̀ pẹ̀lú àwòrán tó fi rúlà yà. Nígbà tó fi máa di ìkẹfà, ìkíni ti kúrú. Ìkeje sọ pé òòyì ń kọ́ òun lọ́sẹ̀ yẹn, pé òun di ògiri mú jáde. Ẹ tún un kà. Ó di ògiri mú jáde, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i. Ìkẹsàn-án, èyí tó kọ ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ikú rẹ̀, kò ju ìlà kan lọ: "Fáànù yàrá ìsàlẹ̀ ni mo tún ń sọ, ẹ jọ̀ọ́."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fèsì, ìyẹn sí ìkẹrin. Wọ́n ní àwọn ti rí lẹ́tà rẹ̀, àwọn yóò gbé e yẹ̀ wò. Bóyá wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìkarùn-ún, èmi náà rí i. Ó mú un wá fún mi ní ọ́fíìsì wa, ó ní bóyá tí ìwé ìròyìn bá gbé e, ojú á tì wọ́n. Mo mú un lọ bá olóòtú wa. Ó ní fáànù tó bàjẹ́ kì í ṣe ìròyìn. Mo gbà fún un, mo sì padà lọ sọ fún obìnrin náà pé kó ní sùúrù. Bí mo bá ń nàka sí àwọn kan lónìí, ẹ má rò pé mi ò mọ iye ìka tó dojú kọ èmi fúnra mi. Ó ti wá di ìròyìn wàyí. Ojú ewé kìíní la gbé e sí.

Ọkọ rẹ̀ ń tún fíríìjì ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, ìdajì rẹ̀ sì kún fún ilẹ̀kùn fíríìjì tí kò ní ara. Ọkùnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún bá ohun tútù ṣeré kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un. Lẹ́yìn lẹ́tà kẹfà, ó to fáànù kan jọ látinú àwọn ohun tó ní, ó dán an wò fún ọjọ́ mẹ́ta, ó gbé e lé èjìká, ó gun òkè lọ síbi iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ló fẹ́ ṣe é. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ránṣẹ́ sókè, èsì sì wá pé ọkùnrin náà kò sí nínú ìwé àwọn tó gba àṣẹ láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó gbé fáànù rẹ̀ padà. Mo rí i ní pálọ̀ rẹ̀ nígbà tí mo lọ kí i, ó ń ṣiṣẹ́, atẹ́gùn rẹ̀ ń ṣí àwọn ìwé ìbánikẹ́dùn lórí tábìlì.

Mo bi í ní ìbéèrè tí àwọn kan ti ń fi ẹnu kẹ́lẹ́ sọ: kí ló dé tí obìnrin náà kò kọ̀ láti wọlé? Kò bínú sí mi.

"Tó bá fi ọjọ́ kan sílẹ̀, ihò máa wà nínú ọdún méjìlélógún," ó ní. "Wọ́n mọ̀ pé kò ní fi í sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ó ní tí Bàbá Àgbà bá tún fẹ́ dákẹ́ báyìí, ta ni yóò mọ̀?"

Wọ́n mọ̀ pé kò ní fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ilé iṣẹ́ kan wo ìfẹ́ tí obìnrin kan ní sí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi í dípò fáànù.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn kan náà ló rí i. Aago kan ọ̀sán ni Ìyá Gáàsì máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá kí i, tí wọ́n á jọ mu tíì lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí aago kan kọjá pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó sáré gun òkè, ó rí ìkùukùu funfun tó ń rá nílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn tó máa ń padé fúnra rẹ̀. Obìnrin náà ti kọ̀wé sí etí ilẹ̀kùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọlé láìṣí i sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ṣí i, ó sé èémí, ó wọ́ ọ jáde ní apá. Ó sọ fún mi pé ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń ronú, gègé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti kọ nọ́ńbà ọjọ́ náà tán.

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n fún ọkùnrin yìí? Lẹ́tà ìkìlọ̀. Wọ́n ní ó fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ láìgba àṣẹ. Lẹ́tà tirẹ̀ kò pẹ́ o. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì fi lé e lọ́wọ́. Àṣé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń yára kọ̀wé.

Lẹ́tà ìbánikẹ́dùn tí wọ́n kọ sí ọkọ náà wà lọ́wọ́ mi. Ìwé tó dára ni, tí àmì ilé iṣẹ́ dán lórí rẹ̀. Ó sọ pé òṣìṣẹ́ tó ṣeé fọkàn tẹ̀ ni ẹni tó lọ. Orúkọ tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Orúkọ obìnrin mìíràn ni, ẹni tó fẹ̀yìn tì ní ọdún méjì sẹ́yìn, tó sì wà láàyè títí di bí mo ṣe ń sọ yìí. Wọ́n kàn mú lẹ́tà àtijọ́ kan, wọ́n yí díẹ̀ padà, wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ náà ká a pa dà sínú àpòòwé. Nígbà tó yá ló ní, "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ̀gbọ́n. Wọn ò mọ ẹni tó kú."

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn tí a sin ín, wọ́n ṣe ayẹyẹ. Wọ́n ní wọ́n ṣàwárí pé ìràwọ̀ arúgbó kì í túká bákan náà lójoojúmọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ohun tí wọ́n sọ pé ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ló fà á, òun náà ni wọ́n kó àga jọ fún, tí wọ́n pe àlejò sí. Mo lọ. Ọ̀gá àgbà fi ogójì ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ nípa "ikọ̀ wa". Ó fi òkè kékeré wọ̀nyẹn hàn lára ògiri, ọdún méjìlélógún tí obìnrin kan fi ọwọ́ tò, ó sì ní ìfaradà ilé iṣẹ́ wọn ló bí i. Orúkọ àwọn mẹ́fà ló wà níwájú ìwé tí wọ́n pín. Mo wá orúkọ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ "àwọn òṣìṣẹ́ tó bá wa kó nọ́ńbà jọ". Nínú gbọ̀ngàn yẹn, fáànù mẹ́rin ló ń fẹ́ lórí ọ̀gá àgbà. Mo kà wọ́n.

Lẹ́yìn ayẹyẹ, mo yà wo yàrá ìsàlẹ̀. Fáànù ògiri ṣì kú síbẹ̀, eruku ti bo ewé rẹ̀. Wọ́n ti fi òkúta kan dá ilẹ̀kùn dúró ní ṣíṣí kó má bàa padé. Ìyẹn ni àtúnṣe tí ikú rẹ̀ mú wá.

Ìwádìí tí wọ́n ní àwọn ṣe, ojú ewé mẹ́rin ni, wọn ò sì fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ rí i. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni. Ẹnì kan tí ẹ̀rí ọkàn ń gún fi han èmi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ náà kò tẹ̀ lé òfin tó ní kí èèyàn méjì wọlé pọ̀. Òótọ́ ni, kò tẹ̀ lé e. Ta ni ì bá mú dání? Ìwádìí náà kò dárúkọ lẹ́tà kankan.

Mi ò pe ẹnikẹ́ni ní apànìyàn. Ilé ẹjọ́ ló lè sọ ìyẹn, mo sì fẹ́ kó débẹ̀. Àmọ́ kí ọ̀rọ̀ tó débẹ̀, àwọn ohun kan wà tí kò gba kí adájọ́ jókòó. Kí wọ́n fa lẹ́tà ìkìlọ̀ ẹ̀ṣọ́ yẹn ya lónìí, kí wọ́n sì kọ òmíràn láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n gba àwọn ìwé tí wọ́n pín padà, kí orúkọ obìnrin náà wà níwájú àwọn mẹ́fà yẹn, bí a ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìbí rẹ̀, láìṣì í kọ. Kí wọ́n ti yàrá náà pa títí fáànù á fi máa ṣiṣẹ́, nítorí ẹlòmíì ti ń wọ ibẹ̀ báyìí, òun nìkan. Kí wọ́n gbé ìwádìí ojú ewé mẹ́rin yẹn àti lẹ́tà mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án síta, kí gbogbo ayé kà wọ́n pọ̀.

Ẹnì kan ló di òǹtẹ̀ yẹn mú. Ẹnì kan ka lẹ́tà keje, ó rí i pé obìnrin kan di ògiri mú jáde, ó tẹ òǹtẹ̀ sí i, ó sì fi í sínú fáìlì. Ẹni yẹn mọ ara rẹ̀. Ẹni tó ní kó fi í sínú fáìlì náà mọ ara rẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣì ń wọṣẹ́ ní aago mẹ́jọ. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fíríìjì ṣe kò jìnnà sí ẹsẹ̀ òkè náà, ọkọ rẹ̀ sì máa ń wà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n dárúkọ ìyàwó rẹ̀ bó ṣe yẹ, kí wọ́n sì sọ fún un, lójúkojú, ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí lẹ́tà kẹsàn-án dé.